Mo Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kán Oògùn Náà Ni

Má jókòó! Mo ní má jókòó! Dúró sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn kí n rí ojú rẹ dáadáa, torí ojú rẹ ti ń sá kiri láti ìgbà tí o ti wọlé, ó ń wo dígí, ó ń wo àga, ó ń ka òòyà tó wà lórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣáà kọ̀, kò wo èmi. Mo ti ní kí àwọn oníbàárà máa lọ, mo ti pa ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, kò sí ariwo kankan tó máa gbà ọ́ sílẹ̀ lónìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni mo jẹ́ àbí n kì í ṣe? Ẹ̀yìn ta ni o sùn sí dàgbà? Ó dáa. Dá mi lóhùn ohun kan ṣoṣo ká tó sọ òmíràn: ta ló ní kí o yí ọ̀rọ̀ inú áàpù yẹn padà?

Kò sẹ́nì kankan? Ìwọ nìkan lo dédé jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí o ní ó yẹ kó yí padà? Họ̀wù! Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Má sọ pé o mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ohun tí o mọ̀ gan-an ni mo ń wá. Ṣebí níṣojú rẹ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Màámi. Ojú òsì ti lọ tipẹ́, ojú ọ̀tún yìí nìkan ló kù tí wọ́n fi ń rí ayé, dókítà sì sọ fún gbogbo wa, ó ní bí a bá fẹ́ kó là, oògùn yìí gbọ́dọ̀ máa kán sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, lálẹ́, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní kí Màámi wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Màámi kọ̀. Wọ́n ní ilé tí àwọn mọ ògiri rẹ̀ ni àwọn fẹ́, wọ́n ní bí ojú ò ríran, ọwọ́ á máa ríran. Èmi tí mo ń gbé pẹ̀lú wọn, tí ṣọ́ọ̀bù mi wà ní iwájú ilé, tí mo lè ju irun sílẹ̀ nígbà kígbà kí n wọ yàrá lọ, mo ní mo gbà, màá ṣe é. Ìwọ ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà wá ní kí ọkàn Ẹ̀gbọ́n lè balẹ̀, o máa ṣe áàpù kan sórí fóònù gbogbo wa, bí mo bá ti kán oògùn tán, kí n tẹ bọ́tìnnì, gbogbo wọn á rí i. Mo ní ó ṣeun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ! Ẹnu yìí náà ni mo fi dúpẹ́!

Nígbà yẹn, aago ló ń kọ. Aago méjì ni dókítà ní, aago méjì ni mo tẹ̀ ẹ́, aago méjì ló kọ síbẹ̀ gbangba. Ẹ̀gbọ́n rí i, inú wọn dùn, kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣé ó rí bẹ́ẹ̀ àbí kò rí bẹ́ẹ̀?

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan, mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn bí èèyàn. “Ẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ yìí.” Tó bá yá, ó di “lẹ́ẹ̀kan.” Tó bá tún yá, “bíi wákàtí kan sẹ́yìn.” Kò sọ aago mọ́ rárá! Mo sì rẹ́rìn-ín o, òmùgọ̀ ni mí, mo tiẹ̀ fi han oníbàárà tí mo ń dì lórí, mo ní ẹ wò ó, àbúrò mi ló kọ́ ọ lọ́rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ìwà ọ̀daràn ni o kọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni Ẹ̀gbọ́n pè mí. “Ṣé o ti kán oògùn Màámi?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kán an ni, ìgò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. “Ṣẹ̀ṣẹ̀?” Wọ́n wá dákẹ́. O mọ ìdákẹ́ Ẹ̀gbọ́n. Ìdákẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti rí ọmọ tó sá sẹ́yìn kíláàsì, tó kàn ń dúró kó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní, “Ohun tí mo ń wò níbí, bíi wákàtí kan sẹ́yìn ló pè é.” Mo ní sà? Mo ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni sà. Wọ́n ní, “Hẹ́ẹ̀n.”

Hẹ́ẹ̀n yẹn ni mo bá sùn, òun náà ni mo bá jí.

Ọjọ́ kejì, bákan náà. Mo kán an, omi oògùn ò tíì gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ Màámi, fóònù dún: “Nígbà wo lo kán an?” Ẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ yìí ni sà. “Ṣé ó dá ọ lójú?” Ó dá mi lójú sà. “Wákàtí kan ni mo rí.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n bi mí lọ́rọ̀ bí ọlọ́pàá, wọ́n á ní, kí ni Màámi ń ṣe nísinsìnyí, ta ló wà lórí àga rẹ, irun ta lò ń ṣe lọ́wọ́. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ! Mo rò pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń béèrè! Àṣé wọ́n ti jókòó, wọ́n ti rò ó pé ńṣe ni mò ń tẹ bọ́tìnnì kí n fi tẹ́ àwọn lọ́rùn, tí n óò wá padà sídìí orí oníbàárà, tó bá wá wù mí kí n lọ kán an. Èmi! Èmi tí mo ń sùn sórí ẹní ní ìsàlẹ̀ ibùsùn wọn kí wọ́n má baà fi ọwọ́ ra ojú lójú oorun!

Wọ́n wá rán ìyàwó wọn. Kò pè, kò kìlọ̀, ó kàn gbé ọsàn dání, ó ní òun kàn ní kí òun yà kí Màámi. Kàn yà? Ẹni tí kò yà látìgbà tó ti fẹ́ wa, ọjọ́ yẹn ló rántí ọ̀nà? Ó wọ yàrá, ó gbé ìgò oògùn sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹyin bóyá ó ti bàjẹ́, ó gbé e kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo bẹ̀rù ẹ̀rín yẹn. Ẹni tó bá bú mi, mo mọ ohun tí màá sọ. Ẹni tó rẹ́rìn-ín tí kò sọ̀rọ̀ ńkọ́? Mo ní ejò lọ́wọ́ nínú. Mo ní ìyàwó yìí ló tẹ nǹkan kan nínú fóònù ọkọ rẹ̀ kí orúkọ mi lè bàjẹ́. Mo rò ó bẹ́ẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ dúró níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n ò jókòó, omi tí mo gbé fún wọn, wọn ò mu ún. Wọ́n ní, “Ohun tí mo kórìíra ni irọ́. Bí o bá gbàgbé, sọ pé o gbàgbé. Ẹnikẹ́ni lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n kí o tẹ̀ ẹ́ láìkán an, kí o tún máa fi ‘ṣẹ̀ṣẹ̀’ bò ó mọ́lẹ̀!” Níwájú Màámi! Mo kúnlẹ̀, mo búra, mo ní bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ rí láìkán an, kí ọwọ́ tí mo fi ń di irun yìí kọṣẹ́. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ní ìbúra kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n gbé báàgì Màámi.

Màámi di férémù ilẹ̀kùn mú. O ò sí níbẹ̀, ìwọ, o ní iṣẹ́ wà níbi iṣẹ́. Wọ́n dì í mú báyìí, wọ́n yí ojú tí wọ́n fi bánńdéèjì dì sí ọ̀gangan ibi tí wọ́n ti ń gbóhùn mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ lo máa ń gbàgbé ni?”

Ṣé o gbọ́? Kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n ló bi mí o. Màámi ni. Ẹni tí mo ń fi ìka mi la ìpéǹpéjú wọn. Ojú wọn wà ní dídì, wọn ò rí aago, wọn ò mọ̀ bóyá ọ̀sán ni àbí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo bá dé ẹ̀gbẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ ni wọ́n ń gbà, wọ́n wá ṣiyèméjì sí èmi náà. Mo kàn ń wo ọwọ́ wọn lára ilẹ̀kùn títí wọ́n fi jù ú sílẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ ló ṣe é. Ẹ̀rọ ẹlẹ́nu-dídùn rẹ!

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè! O fẹ́ kó dùn létí ni? O ní bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, o ní téèyàn bá béèrè pé ìgbà wo lo dé, o ò ní dá a lóhùn pé aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, o máa ní lẹ́ẹ̀kan ni? Òótọ́ ni! Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ní “lẹ́ẹ̀kan” fún mi, ojú rẹ̀ ni mo ń wò kí n tó mọ lẹ́ẹ̀kan tó ń wí. Lẹ́ẹ̀kan wà tó jẹ́ àárọ̀ yìí, lẹ́ẹ̀kan sì wà tó jẹ́ ìgbà tí mo ṣì wà ní ọmọge! Ojú wo ni màá wò lára fóònù? Ẹni tó bá sọ pé “ó tó bíi wákàtí kan,” a lè bi í pé ta ló fún ọ ní “bíi” yẹn, ó máa fèsì. Ta ni Ẹ̀gbọ́n máa bi? Aago ni kò lẹ́nu méjì, ìwọ lo mú un kúrò, o wá fi aláhesọ rọ́pò rẹ̀.

Dákẹ́, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Mo kọ́kọ́ fura sí ọ, jẹ́ kí n sọ ọ́ kó jáde nínú mi. Kí Màámi tó lọ, ta ló wọ yàrá wọn tó ń fi apá ṣe ìwọ̀n fèrèsé? Mo rí ọ! Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, mo rí ọ bí o ṣe na apá, tí o tún na ìkejì. Mo ní áà, yàrá tó ní atẹ́gùn ló ń wò, ó fẹ́ gbé ìyàwó wọlé, ó fẹ́ kí Màámi kúrò níbẹ̀. Kí lo wí? Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn? Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lo fẹ́ rà fún wọn? Nígbà náà, níbo ni nẹ́ẹ̀tì ọ̀hún wà? O ò tíì rà á. Ó dáa. Mo gbọ́. Màá rántí.

Ó wá di àná. Mo ní àfi kí n fojú kan ìyá mi. Mo dé ilé Ẹ̀gbọ́n, mo jókòó ti Màámi, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí bí ọmọdé, wọ́n rọra ní, “Ọmọ mi, n kò mọ ohun tó ń ṣe mí nínú ilé yìí. Ebi kì í tíì pa mí tí oúnjẹ fi ń dé. Oorun kì í tíì kùn mí tí wọ́n fi ń pa iná. Àbí ara mi ló ti ń jó rẹ̀yìn ni?” Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe fún ìyá mi níbí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo igun. Ẹ̀gbọ́n sì wọlé, wọ́n pàtẹ́wọ́, “Ó yá, àsìkò oògùn ti tó!” Mo wo fóònù mi, àsìkò ò tíì tó rárá. Mo gbójú sókè wo aago ara ògiri: ó ti tó. Mo wo ọrùn ọwọ́ wọn: ó ti tó. Mo yọjú wo fóònù wọn lórí tábìlì: ó ti tó!

Ẹ gbà mí o! Ta ni kò mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n máa ń ti aago ilé wọn síwájú kí ẹnikẹ́ni má baà pẹ́ dé ilé-ìwé? Láti kékeré wa ni a ti ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀, pé nínú ilé Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ máa ń mọ́ kí oòrùn tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ti ògiri ni mo mọ̀! Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ti aago fóònù náà síwájú ní wákàtí kan!

Mo ní kí n dán an wò. Bí ìyàwó ṣe ń kán oògùn náà, mo tẹ bọ́tìnnì lórí fóònù tèmi, mo wò ó: “ẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ yìí.” Mo na ọrùn bí adìyẹ tó rí àgbàdo, mo wo ti Ẹ̀gbọ́n: “bíi wákàtí kan sẹ́yìn.” Oògùn ṣì ń ṣàn lójú Màámi o! Ẹ̀kán kan, ẹnu méjì! Ó sì wá yé mi. Àwọn náà, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tiwọn, “ẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ yìí” ló ń kọ fún wọn, torí aago fóònù kan náà tó kọ àsìkò sílẹ̀ ló tún ń ṣírò rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi gbà pé àléébù ò sí lára ẹ̀rọ, èmi ni àléébù.

Ṣé mo sọ̀rọ̀ ni? Mi ò sọ̀rọ̀. Mo gbé báàgì mi, mo ní ó dàárọ̀ sà, mo jáde. Mo ní ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni màá bá sọ ọ́. Mo pè ọ́ láti ojú ọ̀nà, mo ní mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ní ti aago Ẹ̀gbọ́n. Kí lo fi dá mi lóhùn? Rántí! O ní, “Áà, ṣé ẹ ti rí i?”

Ẹ ti rí i! Ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, ṣé “ẹ ti rí i” ló ń sọ? “Kí ni?” ló ń sọ! “Aago wo?” ló ń sọ! Mo dúró sójú títì. Mo ní, ọmọ yìí mọ̀.

Wò mí. O mọ̀ àbí o ò mọ̀?

O mọ̀. Ó ṣeun, o sọ ọ́. Láti ìgbà wo? Kí Màámi tó lọ? Kí Màámi tó lọ! Háà! Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ fẹjọ́ mi sùn ọ́ ni o ti yẹ̀ ẹ́ wò, o rí i pé fóònù tó bá ń wò ó ló ń fi aago ara rẹ̀ ṣírò, tí aago bá ti ń sáré, ọ̀rọ̀ á sáré tẹ̀ lé e, o rí i kedere, o wá pa ẹnu mọ́! Kí ló dé? Ẹ̀rù? O ní ta ni ìwọ tí o fi máa dúró níwájú Ẹ̀gbọ́n, tó rán ọ níléèwé, tí o máa ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, aago yín ń parọ́? O wá ní kí o rọra tún un ṣe nínú ẹ̀rọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kó jẹ́ aago kan ṣoṣo ni gbogbo fóònù á máa tẹ̀ lé? O ti ń ṣe é lọ́wọ́? Kò tíì parí? Nígbà tí ìwọ ń rọra, wọn ò rọra gbé ìyá mi lọ o! O jẹ́ kí wọ́n pè mí ní òpùrọ́ kí o má baà rí ìbínú Ẹ̀gbọ́n!

Má sọ ọ́! Má sọ pé èmi náà ò lè sọ ọ́ fún wọn lánàá! Tèmi yàtọ̀! Tèmi, ìyàlẹ́nu ni! Ṣíọ̀! Kí lo ń pa ẹ̀rín mọ́ra sí?

Gbọ́. Wọ bàtà rẹ padà. A ń lọ sílé Ẹ̀gbọ́n báyìí. O máa dọ̀bálẹ̀ kí o tó sọ ọ́, kó lè rọ̀ létí wọn, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ ni o máa fi sọ ọ́, kì í ṣe lórí fóònù o, mi ò fẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni máa kọ sórí fóònù mọ́ láyé mi. Èmi á dúró lẹ́yìn rẹ. Bí o bá sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dùn létí èèyàn, kọ ọ́, kọ lẹ́ẹ̀kan rẹ, kọ ẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ṣùgbọ́n kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó jókòó síbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí.

Ta ló ń fọn fèrè ọkọ̀ yẹn? Ká kọ́tìnnì ojú fèrèsé. Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n nìyẹn! Má mira. Wọ́n tún wá ṣe kí ni? Dúró… Ẹ̀gbọ́n kọ́ ló ń wà á. Ìyàwó ni. Òun nìkan. Kí ló ń wá kiri? Rárá o, ẹnì kan wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màámi! Màámi ni, wọ́n wọ jígí dúdú, wọ́n gbé báàgì wọn lé orí itan!

Ẹ káàbọ̀ mà! Màámi, ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀, mo ń bọ̀! Ìyàwó, kí ló ṣẹlẹ̀? Kí lo wí? O rí mi? Lánàá, bí mo ṣe na ọrùn wo fóònù, o rí mi? Mo rò pé mo fi ọgbọ́n ṣe é! Kí lo wá ṣe? O sọ fún wọn? Ìwọ? O sọ fún ọkọ rẹ lójúkojú pé fóònù wọn ń sáré? Kí ni wọ́n wí? Wọ́n dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, láàárọ̀ yìí wọ́n fúnra wọn gbé báàgì Màámi sínú ọkọ̀, wọ́n ní kí o bá àwọn kí mi, wọ́n ní… wọ́n ní kí n má bínú? Ẹ̀gbọ́n? Ẹnu wọn ló ti jáde?

Há! Hàhàhà! Ẹ gbá mi mú! Ìyàwó tí mo ti ń gégùn-ún fún láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, lálẹ́, bí ẹni ń kán oògùn! Kí gan-an ni ọmọbìnrin yìí tiẹ̀ ṣe mí? Wọlé, wọlé jókòó, àga yẹn mọ́, jẹ́ kí n wo orí rẹ, ta ló dì ọ́ ní ìdìkudì yìí?

Ìwọ, kí lò ń rín? O rò pé o ti bọ́? Gbogbo wọn ni mo ti yọ kúrò, ìwọ nìkan ló kù. Lọ di Màámi mú sọ̀ kalẹ̀, gbé báàgì wọn wọlé, kí o sì padà wá dúró síbi tí o dúró sí yẹn. Mi ò tíì parí.